Abẹ́rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró kò dúró sí ẹ̀dọ̀fóró

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan oyún tó fẹ́ di bíbí kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ohun tí à ń kà nípa abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń gún fún ìyá kì í ju gbólóhùn kan lọ: ó ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó. Òótọ́ ni, kò sírọ́ níbẹ̀. Àmọ́ oògùn tó bá ti kọjá nínú ibi ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ló bá rìn, kò sì síbi tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé. Ọkàn ọmọ ń gbà á, ọpọlọ ń gbà á, ìwọ́ ń gbà á, ibi ọmọ fúnra rẹ̀ náà ń gbà á. Fún bí ọjọ́ 4 tàbí 5 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, nígbà mìíràn ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, ohun tí ẹ̀rọ bá sọ nípa ọmọ yẹn, ọwọ́ oògùn wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ka ọjọ́ yóò ṣi ẹ̀rọ kà. Ọ̀nà méjì ló sì lè gbà ṣì í: ó lè sáré gbé ìyá lọ fún iṣẹ́ abẹ nítorí ọmọ tí oògùn kàn mú dákẹ́, ó sì lè dẹ ìṣọ́ lórí ọmọ tó wà nínú ewu nítorí pé àwòrán òní dára ju ti àná lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ oògùn tí à ń wí. Ọdún 1969 ni Graham Liggins, ní New Zealand, kọ̀wé pé ọmọ àgùntàn tí wọ́n fi sítẹ́rọ́ìdì sí lára nínú ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì bí kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ń mí nígbà tí kò yẹ kó lè mí. Ní 1972, òun àti Ross Howie gbé àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ àwọn aboyún jáde. Betamethasone ni wọ́n lò. Láti ìgbà náà ni orúkọ ẹ̀dọ̀fóró ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí a kì í fi í rántí ìyókù.

Oògùn méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Betamethasone ni a ń gún ní mílígíráàmù 12 sínú ẹran ara, tí a ó tún gún 12 lẹ́yìn wákàtí 24. Dexamethasone jẹ́ mílígíráàmù 6 ní wákàtí 12 síra, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí ẹ bá ro ó pọ̀, 24 ni méjèèjì. Ìgò kékeré tí dexamethasone sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ní mílígíráàmù 4 nínú mílílítà 1, èyí tó túmọ̀ sí pé mílígíráàmù 6 jẹ́ mílílítà 1.5, ìgò kan àti ààbọ̀. Ààbọ̀ yẹn ni àṣìṣe ń gbà wọlé: ẹnìkan á fún ìyá ní ìgò kan géérégé, ẹlòmíràn á fún un ní méjì. Betamethasone tó jẹ́ àdàlù oríṣi méjì, mílígíráàmù 6 nínú mílílítà 1, máa ń silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ẹ gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó fà á, ẹ má sì gún un sínú òpó ẹ̀jẹ̀ láéláé. Apá kan nínú rẹ̀ ń tètè ṣiṣẹ́, apá kejì ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú ẹran ara, ìyẹn ni kò fi nílò ju abẹ́rẹ́ méjì lọ.

Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì èyíkéyìí? Nítorí pé ibi ọmọ ní oníbodè. Ẹ́ńsáìmù kan wà níbẹ̀ tó ń sọ kọ́tísọ́ọ̀lù, ìyẹn sítẹ́rọ́ìdì tí ara ìyá ń ṣe fúnra rẹ̀, di aláìlágbára kó tó dọ́dọ̀ ọmọ. Hydrocortisone àti prednisolone kò rọ́nà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Betamethasone àti dexamethasone nìkan ni ẹ́ńsáìmù náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí mú. Ìyá tó ti ń lo prednisolone nítorí ikọ́ fée, ẹ má ṣe sọ pé ọmọ rẹ̀ ti gba tirẹ̀. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ó kù ká sọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń tọ̀. Nínú oyún, ẹ̀dọ̀fóró kò tíì gbaṣẹ́. Ibi ọmọ ló ń dípò rẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ 3 ló wà nínú okùn ìwọ́. Ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ti gba ọ́síjìn bọ̀ sọ́dọ̀ ọmọ, méjì ń gbé èyí tó ti lò padà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé kì í tọ ojú ọ̀nà gbọọrọ. Àbùjá ló ń gbà. Àbùjá kan, ductus venosus, ń jẹ́ kó yẹ ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ kó lè tètè dé ọkàn. Òmíràn, foramen ovale, jẹ́ ihò láàárín ìyẹ̀wù òkè méjèèjì nínú ọkàn, ó ń darí ẹ̀jẹ̀ tó dára jù sí apá òsì, láti ibẹ̀ sí ọpọlọ. Ẹ̀kẹta ni ductus arteriosus, tó ń gba ẹ̀jẹ̀ tí ì bá lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, tó ń dà á sínú òpó ńlá tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ara. Ibẹ̀ ni apá kan rẹ̀ ti ń gba òpó ìwọ́ méjèèjì padà sí ibi ọmọ.

Òpó tó ń padà yìí ni a ń fi Doppler, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, wò jù. Lójú ẹ̀rọ, ìṣàn inú rẹ̀ máa ń yọ bí eyín ayùn. Ó ń ga nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọkàn bá dẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ kan ìlà ìsàlẹ̀. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù láàárín ẹsẹ̀ eyín àti ìlà yẹn ni ẹ̀rí pé ibi ọmọ rọ̀, tó ń gba ẹ̀jẹ̀ láìdá a dúró. Bí ibi ọmọ bá ti le, bíi ti ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí ti ọmọ tí kò dàgbà tó iye ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀nba yẹn á máa dín títí ẹsẹ̀ eyín yóò fi kanlẹ̀. Àlàfo á yọ láàárín eyín kan àti èkejì: ọkàn dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dúró. Bó bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ á máa padà sẹ́yìn, ẹ ó sì rí i tó yọ lábẹ́ ìlà.

Irú ọmọ báyìí ni a ń gún abẹ́rẹ́ fún ìyá rẹ̀, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí a gbé e jáde láìpẹ́. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láàárín wákàtí 24 tó tẹ̀ lé e, nínú púpọ̀ wọn, àlàfo náà máa ń kún. Ẹsẹ̀ eyín á gbéra nílẹ̀. Ẹni tó wò ó lánàá tó rí òfo, á wò ó lónìí, á rí ìṣàn. Inú gbogbo ènìyàn á dùn.

Ayọ̀ yẹn ni a ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ibi ọmọ kò sàn. Sítẹ́rọ́ìdì ń mú kí ibi ọmọ tú hòmóònù CRH jáde sí i, CRH sì ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú rẹ̀ dẹ̀. Níhà ti ọmọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń lọ sókè, ìwádìí lára àgùntàn ti fi èyí hàn léraléra, nítorí náà agbára tó ń ti ẹ̀jẹ̀ síwájú pọ̀ sí i. Àmọ́ òpó tó ti dí nínú ibi ọmọ kò là, èyí tó ti kú kò jí. Bí oògùn bá ti ń tán lára, bí ọjọ́ 2 sí 3 lẹ́yìn náà, nígbà mìíràn ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, àlàfo á tún yọ. Ọmọ tí wọ́n ti sọ pé kí ìyá rẹ̀ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 7 nítorí pé "ìṣàn ti padà", ọjọ́ tí ìṣàn rẹ̀ tún máa dúró lè bọ́ sí àárín ọjọ́ 7 yẹn gan-an. Bí ìṣàn bá padà, ẹ má yí iye ìgbà tí ẹ ń wò ó padà. Bí ẹ bá ń wò ó lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ máa wò ó lójoojúmọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí ìṣàn tirẹ̀ kò padà rárá lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Àwọn kan ń sọ pé oògùn kò jẹ́ lára rẹ̀, wọ́n á sì kọjá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkọjá. Ọmọ tí òpó rẹ̀ kò lè dáhùn sí sítẹ́rọ́ìdì ti sún mọ́ ògiri. Nínú irú wọn ni ẹ̀jẹ̀ kíkan (ẹ̀jẹ̀ tí ásíìdì pọ̀ jù nínú rẹ̀) àti ikú ti pọ̀ ju ti àwọn tó dáhùn lọ. Ẹ kà á sí àmì.

Kí a tó gbà pé ìṣàn padà lóòótọ́, ọwọ́ ẹni tó ń ṣe Doppler gbọ́dọ̀ dá wa lójú. Ìṣàn tó wà nítòsí ibi ọmọ máa ń pọ̀ ju ti ìdí ìwọ́ lára ikùn ọmọ lọ. Ẹni tó wo ìdí ìwọ́ lánàá tó wá wo itòsí ibi ọmọ lónìí ti ṣe "ìwòsàn" tí oògùn kò ṣe. Àárín okùn tó léfòó nínú omi ni kó mú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kó jẹ́ kí igun tí ìtànṣán fi pàdé okùn kéré, kó lọ sábẹ́ dígírì 30. Kó sọ àsẹ́ ẹ̀rọ tó ń yọ ìró kékeré kúrò kalẹ̀ sí bí 50 tàbí 60 Hz, torí pé àsẹ́ tó ga jù máa ń gbé ìṣàn pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ mì, á wá dà bí òfo. Kó sì dúró títí ọmọ kò fi ní máa mira tàbí kó máa ṣe bí ẹni tó ń mí, nítorí pé mímí yẹn ń mú eyín kan ga, òmíràn kúrú. Nínú ọmọ tí ìṣàn ìwọ́ rẹ̀ dára tẹ́lẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Bí ẹ bá rí ìyípadà ńlá níbẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀rọ̀ ìlù ọkàn ló kàn, ibẹ̀ ni ìdẹ́rùbà wà. Ọkàn ọmọ inú oyún ń lù láàárín 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan. Lórí pépà CTG, ẹ̀rọ tó ń ya ìlù ọkàn ọmọ sílẹ̀ bí ìlà, ìlà tó dára kì í tẹ́. Ó máa ń gbọ̀n sókè sódò ní ìwọ̀n ìlù 5 sí 25. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n gún betamethasone àkọ́kọ́ láago 10 àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ náà gan-an, ìlù lè rẹlẹ̀ díẹ̀, ìgbọ̀n náà á sì pọ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ kejì wọlé láago 10 ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Títí di ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, ìlà náà ti ń tẹ́ bí okùn tí wọ́n nà. Ìyá ní ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ ta mọ́. Wọ́n gbé e lọ skáànù: ìmírasí ti dín kù gan-an, mímí inú oyún fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Bí ẹ bá fi àmì 10 díwọ̀n ìlera ọmọ lórí ìmírasí, mímí àti ìyókù, ó lè já láti 8 wá sí 4 láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe é. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á ti padà sípò. Dexamethasone náà lè ṣe irú èyí, ṣùgbọ́n ti betamethasone ló hàn jù.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé sítẹ́rọ́ìdì ń kan ọpọlọ ọmọ, níbi tí àṣẹ ìmírasí, mímí àti ìgbọ̀n ìlù ọkàn ti ń wá. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ga náà ń mú kí ọkàn fa ìlù rẹ̀ sẹ́yìn, ìyẹn ni ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí sítẹ́rọ́ìdì kì í ṣe: kì í mú kí ìlù ọkàn máa já wálẹ̀ léraléra. Ẹni tó bá rí ìlà tó tẹ́, tó sì tún ń já wálẹ̀ lẹ́yìn ìsúnkì ilé ọmọ, kó má ṣe di ẹrù rẹ̀ lé abẹ́rẹ́ lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlù tó lé ní 160 tí kò sọ̀ kalẹ̀. Àkóràn inú ilé ọmọ ni kó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Níbi tí CTG oníkọ̀ǹpútà wà, tó ń díwọ̀n ìyàtọ̀ láti ìlù dé ìlù, ìwọ̀n tó bá lọ sábẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 2.6 ní ọ̀sẹ̀ 26 sí òpin ọ̀sẹ̀ 28, tàbí sábẹ́ 3 ní ọ̀sẹ̀ 29 sí òpin ọ̀sẹ̀ 31, jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nínú ọmọ tí kò dàgbà tó. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta abẹ́rẹ́, ẹ tún un ṣe kíákíá, ẹ wo ductus venosus, ẹ pe ẹni tó dàgbà jù yín lẹ́nu iṣẹ́. Bí ìgbì inú ductus venosus tó yẹ kó wà lókè ìlà nígbà tí ìyẹ̀wù òkè ọkàn ń fún pọ̀ bá ti kanlẹ̀ tàbí tó lọ sábẹ́ rẹ̀, ọkàn fúnra rẹ̀ ló ti ń rẹ̀, kì í ṣe oògùn. Bí ìyá bá ń gba magnesium sulphate pọ̀ mọ́ ọn láti dáàbò bo ọpọlọ ọmọ, òun náà lè mú ìlà náà tẹ́ díẹ̀ sí i. Ìyá tó bá sọ pé ọmọ òun dákẹ́, ẹ gbé CTG sí i nínú. Ẹ má ṣe fi "abẹ́rẹ́ ni" dá a lóhùn lórí ìdúró.

Òpó àárín ọpọlọ, tí a fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ti ń fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́ fún ọpọlọ rẹ̀, lè fi ìtakò (bí òpó ṣe ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ tó) tó kéré hàn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Tí ẹ bá rí i lẹ́yọ òun nìkan, tí ìwọ́ dára, tí kò sì sí níbẹ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́, ẹ tún un wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó pè é ní ewu. Kí ẹni tó ń wò ó má tẹ orí ọmọ, torí pé ìtẹ̀ nìkan tó láti yí ìwọ̀n náà padà.

Ti ductus arteriosus tún yàtọ̀. Ohun tó ń jẹ́ kó là sílẹ̀ nínú oyún ni prostaglandin, sítẹ́rọ́ìdì sì ń dín etí tó fi ń gbọ́ prostaglandin kù. Lójú ara rẹ̀, ìyẹn kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Wàhálà ń dé bí wọ́n bá fún ìyá ní indomethacin pẹ̀lú kí ìrọbí lè dúró, torí pé indomethacin ń gé prostaglandin náà fúnra rẹ̀. Oògùn méjì ti kọlu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọ̀nà náà á fún, ẹ̀jẹ̀ á kó sí apá ọ̀tún ọkàn. Indomethacin kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 48, kò sì yẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 32. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ fún ìdíkídìí, kí wọ́n fi Doppler wo ductus náà. Ìwọ̀n bí ìṣàn inú rẹ̀ ṣe ń ga tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PI, tó bá lọ sábẹ́ 1.9 ń fi hàn pé ó ti ń fún.

Kí ẹnikẹ́ni má wá torí èyí sá fún abẹ́rẹ́ o. Ìyípadà nínú òpó ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà ló ń gba ọmọ là lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i. Òpó rẹ̀ ti le díẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti mọ bí a ti í gbé ìfúnpá dúró, nítorí náà ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dà sínú ọpọlọ rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2020 láti Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Íńdíà, Pakistan àti Bangladesh lórí dexamethasone láàárín ọ̀sẹ̀ 26 sí 33 rí i pé ọmọ tó kú láàárín ọjọ́ 28 jẹ́ 19.6 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó gbà á, 23.5 lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbà á. Ó ní ibi tó ti yẹ ṣá: ọ̀sẹ̀ oyún gbọ́dọ̀ dáni lójú, ìbímọ gbọ́dọ̀ ti sún mọ́lé, kí ìyá má ní àkóràn, kí ibi ìtọ́jú ọmọ kékeré sì wà nítòsí.

Lára ìyá, ṣúgà á lọ sókè láti bí wákàtí 12, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 5. Alátọ̀gbẹ nílò ìṣọ́ àti íńsúlínì púpọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ náà á pọ̀, ẹ má fi ìyẹn nìkan pè é ní àkóràn.

Abẹ́rẹ́ àtúngún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti di ohun àtijọ́, torí pé ó ń dín ìwọ̀n ọmọ àti orí rẹ̀ kù. Bí ìdí bá wà láti tún un gún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kí ọ̀sẹ̀ 34 tó pé. Kíka ọjọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ń wo CTG àti Doppler.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré. Kí gbogbo ìwé tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí yàrá skáànù àti gbogbo pépà CTG ní ìlà mẹ́ta yìí lórí: orúkọ sítẹ́rọ́ìdì náà, ọjọ́ àti aago abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, oògùn mìíràn tí ìyá ń gbà, pàápàá indomethacin àti magnesium sulphate. Kí Doppler kan wà ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ bí àyè bá wà, kí èyí tó tẹ̀ lé e ní ohun tí a ó fi wé. Bí àyè kò bá sí, ẹ gún abẹ́rẹ́ náà, ẹ má dúró de Doppler.

Àwa ni tiyín,
Àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú aboyún àti ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí